Àbẹ̀kẹ́, Ìrírí Wo Lo Tún Ń Wá Kiri?

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Má jókòó sórí àga yẹn, aṣọ tí mo fẹ́ lọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ní o fẹ́ sún ọ̀rọ̀ másítàsì sóṣà wọ́kà yìí di ọdún tó ń bọ̀, torí pé o ò ní ìrírí. Ìwọ tí o ti ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Lewisham látìgbà tí o ti dé London! Wọ́n tún ní o lọ sanwó kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, o tẹ ìwé ẹ̀rí wọn jáde, o kó wọn sínú fáìlì. Ta ló béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ? Àwọn èèyàn tí o ti bá gbé ni yunifásítì ń béèrè, ìwọ ń kó bébà jọ.

"Mo kàn ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ni, Àǹtí." Gbọ́ ẹnu rẹ! Bàbá tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́sí ńkọ́, tó ní òun ò wẹ̀, tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fà á dìde tipátipá? O ní kó fi bàbá sílẹ̀. O jókòó tì í, o bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ lo ti wá gbọ́ pé ojú ń tì í kí ọmọbìnrin máa bọ́ṣọ lára òun. O wá ọkùnrin kan láàárín yín, ó sì wẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́ láìsí ariwo. Ọmọ yìí, òfin lo ń tẹ̀ lé yẹn! Òfin tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act, ti ọdún 2005, ní kí a kọ́kọ́ gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fúnra rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò lè ṣe é. Ó tún ní bí ìpinnu ẹni ò bá tiẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú wa, ìyẹn nìkan ò tó ká ní kò lè dá pinnu. Lọ kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù rẹ. Kọ ohun tí o rí, ohun tí o ṣe, ìdí tí o fi ṣe é, kí o wá sọ ohun tí wàá ṣe yàtọ̀ bí irú rẹ̀ bá tún wáyé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì, òun náà lẹ ń fò.

Àmọ́ má kọ orúkọ bàbá o, má sì kọ orúkọ ilé náà. Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ta ló máa fa fáìlì ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́?

Mo ka èyí tí o kọ ṣáájú. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àtimáa ran èèyàn lọ́wọ́." Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Olóṣèlú náà ń sọ bẹ́ẹ̀ bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù rẹ ti ka gbólóhùn yẹn títí ó ti sú u. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ wá fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, kì í ṣe olùkọ́ nìkan lo lè bá níbẹ̀. Yunifásítì gbọ́dọ̀ mú àwọn tí sóṣà ti bá da nǹkan pọ̀ rí mọ́ ètò ìgbaniwọlé wọn. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tí káńsù tọ́ dàgbà ló máa bi ọ́ ní ìbéèrè. Ẹni bẹ́ẹ̀ tètè máa ń mọ àánú ojú ayé.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ dá ọ lágara ni wọ́n fi ń béèrè ìrírí. Lọ́dún 2000, ọmọ ọdún 8 kan, Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, kú ní London yìí lọ́wọ́ obìnrin ìbátan rẹ̀ tó mú un wá àti ọkùnrin tí obìnrin náà ń bá gbé. Sóṣà mọ̀ nípa ọmọ náà, ọlọ́pàá mọ̀, ilé ìwòsàn mọ̀. Nígbà tí Lord Laming, tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2003, ó hàn pé ẹnu àgbà tó mú un wá ni wọ́n ti ń gbọ́rọ̀. Wọn ò jókòó ti ọmọ fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwa tá a máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ àwọn tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ lọ ṣe. Má dá a lóhùn, èmi àti òun á sọ ọ́.

O ní o ò mọ ibòmíràn ju ilé arúgbó lọ. Irọ́ ni. Ta ló ń bá àwọn ìyá ìjọ kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ Attendance Allowance lẹ́yìn ìsìn? Ìyá tí ìtìjú ò jẹ́ kó sọ pé òun ò lè wọ bàtà fúnra òun mọ́, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ṣáá, ìwọ lo bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, lo rí i pé sálúbàtà ló wọ̀ wá nínú òtútù. Ìyẹn náà, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti ọmọdé ló kù díẹ̀ káàtó fún ọ, èyí mo gbà. Má tún lọ ra kọ́ọ̀sì! Pe káńsù, béèrè bí èèyàn ṣe ń di independent visitor. Inú òfin Children Act 1989 ló ti wá. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ káńsù, tí wọ́n bá rí i pé ó máa ṣe é láǹfààní, wọ́n á wá ẹnì kan tí kì í gbowó oṣù fún un, tí á máa wá a wò bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n jọ lọ wo sinimá, kí wọ́n jọ jẹun. Wọ́n á yẹ ọ́ wò fínnífínní, DBS tí wọ́n fi ń wo ẹ̀ṣẹ̀ àtẹ̀yìnwá àti gbogbo ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, torí náà tètè bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa: bí o bá bẹ̀rẹ̀, o ò gbọdọ̀ já ọmọ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí yunifásítì bá gbà ọ́. Àwọn tó ti já a sílẹ̀ ti tó. Bí o bá mọ̀ pé o ò ní lè dúró, lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, tàbí Samaritans tí wọ́n ti ń gbé fóònù àwọn tí ayé sú láti 1953. Wọ́n á kọ́ ọ kí wọ́n tó jẹ́ kí o gbé ìpè.

Ọdún méjì ni másítàsì náà, ọjọ́ 200 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìkọ́ṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù níbi iṣẹ́ gan-an. Ẹni tí kò bá ìṣòro ọmọ aráyé pàdé rí, ibẹ̀ ló ti máa ń mọ̀ pé òun ti ṣìnà, owó á sì ti lọ. Yunifásítì kan á dárúkọ iye oṣù tó fẹ́ kí o ti fi ṣiṣẹ́, òmíràn ò ní dárúkọ nǹkan kan. Ka tirẹ̀ kí o tó tọ́wọ́ bọ̀wé. Kí o sì rí i pé Social Work England fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, torí àwọn ló ń tọ́jú ìwé orúkọ láti December 2019, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní sóṣà wọ́kà ní England.

Ó ku ẹni tó máa jẹ́rìí rẹ. Má lọ bá pásítọ̀. Mo fẹ́ràn pásítọ̀ wa, àmọ́ kò rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ rí. Máníjà rẹ ni kí o bá lọ́jọ́ Ajé, kí o rán an létí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, torí èèyàn pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó lè ti gbàgbé. Kó tó dìgbà yẹn, ojú ìwé kan péré ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá tún fojú kan "láti kékeré" níbẹ̀, orí WhatsApp ẹbí ni mo máa ti kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.