Onílé Ni àbí Àlejò?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí maikirosíkóòpù, adájọ́ ni ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkun àtijọ́ ṣe jìn tó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín, wọ́n gbé yanrìn kan fún mi láti inú kànga epo kan ní Niger Delta. Mo fọ̀ ọ́, mo sì rí Ammonia rẹpẹtẹ, ọ̀kan lára àwọn abẹ̀mí tíńtín oníkarahun tí à ń pè ní foraminifera, tó fẹ́ràn ọ̀sà àti etíkun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi náà ò ju mítà 10 lọ. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Ó ní kí n lọ fọ amọ̀ tó wà lókè yanrìn náà àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn foraminifera inú ibú, níbi tó ju mítà 200 lọ, ló kún inú méjèèjì. Yanrìn náà ti ya lulẹ̀ láti etíkun wọ inú ibú, ó sì ru òkú àwọn ará etíkun dání. Àlejò ni mo pè ní onílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbogbo ìkarahun léèrè: ibí lo gbé, àbí wọ́n gbé ọ wá? Èyí tó bá fọ́, tí ara rẹ̀ ti họ, ẹ fura sí i. Omi a máa gbé òkú sọ̀ kalẹ̀, kì í sábà gbé e gòkè. Nítorí náà, ẹ̀rí ẹ̀yà tó ń gbé inú ibú jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ má kánjú fọ yanrìn tàbí amọ̀ tí wọ́n bá gbé fún yín. Ẹ lo asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.063, kí omi sì máa sun jẹ́ẹ́jẹ́ lé e lórí. Ẹ ka ìkarahun tó 300 kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ ya àwọn tó ń léfòó sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkun. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí etíkun ni àwọn tó ń léfòó ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìkarahun wọn ẹlẹgẹ́ máa ń yọ́ nínú ibú tó tutù. Bí ẹ ò bá rí wọn, ẹ má tètè ní omi ò jìn.

Ẹ wá bi ilẹ̀ náà. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, òkúta ẹfun wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 60. Ewéko òkun wà nínú apá kan rẹ̀, ewéko kì í sì í gbé ibi tí oòrùn ò dé. Orí rẹ̀ ni òkúta amọ̀ pẹlẹbẹ tí à ń pè ní Akinbo jókòó lé, wóró glauconite aláwọ̀ ewé sì wà nídìí rẹ̀, tó fi hàn pé nígbà náà, ẹrẹ̀ ò dé ibẹ̀ púpọ̀ mọ́, òkun sì ń gòkè. Ẹni tó bu òkúta kan ṣoṣo lọ sílé ò ní rí i. Ẹni tó fọwọ́ tọ ògiri ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè ló máa rí i.

Bí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí, ẹ kọ bí omi náà ṣe jìn tó báyìí, bí àpẹẹrẹ: láàárín mítà 30 sí 100, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ ni àwọn ẹlòmíì máa gbẹ́kẹ̀ lé gbẹ́ kànga. Ìwé tí mo kọ mítà 10 sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń fi han gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́, kó tó fọwọ́ kan asẹ́.