Ọwọ́ Tó Ń Làágùn Lórí Gìtá

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ wo onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ìsọjí, tàbí ti ẹgbẹ́ jùjú tó ń ṣeré mọ́jú. Òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìka ń yọ̀ lórí okùn, ló bá fún ọrùn gìtá mọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń fún un tó ni òógùn ń pọ̀ tó.

Ooru nìkan kọ́. Ẹ̀rù àti àníyàn tètè máa ń mú àtẹ́lẹwọ́ làágùn; ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó gbẹ nígbà ìdánrawò fi ń rin gbingbin níwájú èrò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dẹ ọwọ́ tí ẹ fi di gìtá mú. Ẹ tẹ okùn nítòsí irin tó dábùú ọrùn gìtá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ níwọ̀n tí ohùn yóò fi mọ́. Bí okùn bá ga jù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ gìtá tún ṣe bá yín rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí okùn gíga ló ń sọ oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ di afagbáramú.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àmọ́ gbígbẹ làwa ń wá. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi ìpara kankan kàn án. Kí táwẹ̀lì kékeré wà nítòsí. Àtíkè táwọn kan ń bù sọ́wọ́ kò wù mí rárá: á bá òógùn pò, á di ẹrẹ̀ mọ́ okùn, ohùn a sì kú.

Iyọ̀ inú òógùn ló ń mú okùn dípẹtà. Bí eré bá parí, ẹ nu okùn kọ̀ọ̀kan lókè, kí ẹ sì ti aṣọ gbígbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ onígìtá ń gbàgbé. Okùn tí wọ́n fi nǹkan tín-ín-rín bò gbówó lórí, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ ju ti lásán lọ.

Síbẹ̀, ìka ò dọ́gba. Bí ọwọ́ yín bá ń kán tótó lójoojúmọ́, tí ìwé ń rin lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gìtá. Oògùn tó ní aluminium chloride wà, tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ gbígbẹ lálẹ́, tí wọ́n á fọ̀ kúrò láàárọ̀. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ẹ tó rà á.