Fífi Linux sí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀

Láti Ìbà dé Okokomaiko, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kò ga, ọjà Alábà ló ń wá sí. Ní Ọ̀jọ́ ni ọjà náà wà. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà níbẹ̀: wọ́n ti lò ó nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé Èkó. Tí èyí tí ẹ rà bá ń lo Windows 10, ẹ mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára nù. Ẹ lè fi Linux sí i.

Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí Windows náà ṣe ń darí rẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìlú Helsinki. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe oríṣi tirẹ̀ jáde. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Láti ara Ubuntu ni Linux Mint ti jáde. Mint ni mo máa ń yàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ jọ ti Windows. Tí RAM kọ̀ǹpútà yín kò bá ju 4GB lọ, oríṣi Mint tí wọ́n ń pè ní Xfce ni kí ẹ mú.

Ẹ wá fílásì 8GB tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa pa rẹ́. Ẹ gba fáìlì Mint wọlé láti linuxmint.com. Ó tó nǹkan bíi 3GB, nítorí náà dátà òru ló dára jù fún un. Ẹ má kàn da fáìlì yìí sórí fílásì bí ẹni ń da orin. Kò ní ṣiṣẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus ni ẹ máa fi gbé e sí i, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Windows.

Fílásì yìí wúlò kí ẹ tó fi Linux sí ohunkóhun. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ ọlọ́jà pé kí ó jẹ́ kí ẹ fi dán kọ̀ǹpútà wò. Ẹ ki fílásì bọ̀ ọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tẹ F12 léraléra tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP. Ẹ yan fílásì nínú ohun tó bá jáde. Mint máa ṣí láti orí fílásì, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fi Wáìfáì rẹ̀ mú hotspot fóònù yín. Àlèébù tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ rí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Tí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, ẹ tún un tàn, kí ẹ yan “compatibility mode”. Tí Wáìfáì kò bá jáde, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù. Ẹ ó rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, ètò Driver Manager tó wà nínú Mint á sì lè wá ohun tí Wáìfáì nílò. Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù ni kí íntánẹ́ẹ̀tì wà, síbẹ̀ kí ìkànnì kọ̀, kó máa sọ pé ibẹ̀ kò ní ààbò. Wọ́n á máa bínú sí dátà. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì kọ̀ǹpútà. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń rántí déètì. Tó bá ti kú, kọ̀ǹpútà lè rò pé ọdún 2015 la wà. Ẹ tún déètì ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ tẹ “Install Linux Mint”. Kí ẹ ti kọ́kọ́ kó fọ́tò àti ìwé yín síbòmíràn, torí “Erase disk” máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í pẹ́: ẹ má bẹ̀rẹ̀ tí kò bá sí iná tó dájú, kí NEPA má baà mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe bá jáde, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi ètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ yan Nigeria, kí ẹ sì mú Yorùbá. Ẹ ó lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìra ètò kankan.