Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Da Ìkòkò

Láti Mọ́níyà títí dé Akánrán, ṣàṣà ni ilé tí a kò ní rí ìkòkò alumíníọ̀mù tí ó nípọn. Òun ni a fi ń ro àmàlà. Òun náà ni àwọn alásè ń gbé kaná nígbà ìnáwó. Àwọn tí ń da irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í wa ilẹ̀ kí wọ́n tó rí ohun tí wọn yóò dà: àjákù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo ohun mímu àti férémù fèrèsé àtijọ́ ni wọ́n ń yọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a mú ìkòkò kan tí ó dán ṣe àpẹẹrẹ, wọn a gbé e sí àárín férémù onígi, wọn a sì ki yanrìn tí ó rin díẹ̀ sí inú àti òde rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rọra yọ àpẹẹrẹ náà kúrò, àlàfo tí ó kù ni alumíníọ̀mù yíyọ́ yóò ṣàn sí. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ yanrìn náà, wọn a fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọn a sì tún un lò.

Nínú iṣẹ́ yìí, iná ni ọ̀gá. Alumíníọ̀mù a máa yọ́ bí ìgbóná bá dé 660°C, nítorí náà èédú àti ẹwìrì tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, apá kan rẹ̀ yóò di ìdàrọ́, èédú yóò sì máa jó lásán. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ kì í dáná tán kí ó tó máa wá yanrìn. Yóò ti ki férémù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sílẹ̀, yóò sì ti ṣa àjákù rẹ̀, kí ó tó fẹ́ná. Ẹni tí kò palẹ̀ mọ́ yóò fẹ́ná títí di ìrọ̀lẹ́, èrè rẹ̀ yóò sì bá èéfín lọ.

Síbẹ̀, ìyára kì í ṣe ìwàǹwára. Bí yanrìn bá rin jù, tàbí bí àjákù tí omi wà nínú rẹ̀ bá bọ́ sínú alumíníọ̀mù yíyọ́, omi náà yóò di ooru lójijì, yóò sì ta ohun gbígbóná náà sí oníṣẹ́ lójú. Owó ẹgbẹ̀rún ìkòkò kò lè ra ojú tí ó fọ́ padà.

Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ fi ìda ṣe àpẹẹrẹ orí idẹ, irú èyí tí a hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Ìda a yọ́ dànù, amọ̀ a di fífọ́: àpẹẹrẹ kan, ère kan. Ìkòkò àpẹẹrẹ ní tirẹ̀ a máa bí ọ̀pọ̀ ìkòkò. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá òde òní, ẹ̀rọ ni ó ń gbẹ́ ihò tí a ń da nǹkan sí sínú irin líle, a sì lè lò ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni: ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró de ènìyàn ni owó ń ṣòfò. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ti ń gé irin kan lọ́wọ́, ni oníṣẹ́ ń wọn èyí tí ó kàn sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní, alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó fẹ́ fà yọ kí iná tó jó, iná rẹ̀ kì yóò jó lásán.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àpẹẹrẹ onída àti ìkòkò àpẹẹrẹ?
2. Kí ni ó burú nínú kí alumíníọ̀mù yíyọ́ pẹ́ lórí iná?
3. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ìyàtọ̀ láàrin ìyára àti ìwàǹwára.