Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Bí Òkun Bá Ń Jẹ Ilẹ̀



Púpọ̀ nínú ẹja gbígbẹ àti edé tí à ń jẹ ní ilẹ̀ wa, etí òkun ni ó ti ń wá. Títí di ọdún 1996 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ jọ wà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wọn kan Ọjà Ọba.

Ẹ wo Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń kó èrè sínú àpò kan. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ.

Kí ló fà á? Ooru ayé ń pọ̀ sí i. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀, yìnyín ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú òkun. Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé ga ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ́jú, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Ìwọ̀n kékeré yìí tó láti ba ilé jẹ́.

Ètò wo ni ìlú etí òkun lè ṣe?

1. Kí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wọn ibi tí omi dé lọ́dọọdún, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí ni yóò ti ẹ̀bẹ̀ wọn lẹ́yìn níwájú ìjọba.
2. Kí wọ́n má gé igi etí omi. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di ẹrẹ̀ mú.
3. Kí tọkùnrin tobìnrin fẹnu kò lórí ilẹ̀ tí wọn yóò ṣí lọ, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ.
4. Kí wọ́n ní àpò ọ̀tọ̀ fún un. Ọjọ́ tí omi wọlé kọ́ ni à ń bẹ̀rẹ̀ àjọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: owó ẹgbẹ́ kò lè mọ odi òkun. Ní Keta, ilẹ̀ Gánà, ìjọba ni ó ṣe é. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti mú ètò wá, kí ó sì máa bèèrè láìsinmi.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
Bí ẹja bá wọ́n, báwo ni àwọn ẹlẹ́ja wa yóò ṣe san ẹ̀yáwó?
Bí ọ̀gbàrá bá wọ ìsọ̀ wa níhìn-ín, àpò wo ni a ní?