Kúrúnà Kì í Gbé Ara Ẹnìkan Ṣoṣo

Àbúrò mi, ọ̀sán ló máa ń tanni. Bí èèyàn bá ń tajà, tó ń dáná, tó ń sáré sókè sódò, ara á yún díẹ̀, á tún fi í sílẹ̀. Àfi bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tí ara móoru lábẹ́ aṣọ ìbora. Ìgbà náà ni èékánná á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: àárín ìka, ọrùn ọwọ́, abẹ́ ọmú, ìbàdí, títí dé ibi tí a kì í dárúkọ láwùjọ. Ọmọ á máa sunkún lójú oorun. Ọkọ á yíjú sí ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú á wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan.

Ní Ogbe-Ijoh níbí, "craw-craw" ni tọmọdé tàgbà ń pè é, Ijaw, Itsekiri, Urhobo, títí kan àwa Yorùbá tí òwò gbé wá sí etí omi Warri. Kúrúnà ni àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n sí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń bá a jà. O ra ọṣẹ, o ra kíríìmù, o se ewé wẹ̀. Ó fi ọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó tún padà. Wọ́n sì ti sọ fún ọ pé àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Fi ayé sílẹ̀ ná. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kòkòrò kan ló ń fa kúrúnà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan eégbọn, kò sì gùn tó ìdajì mìlímítà. Abo rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú awọ òkè ara wa, tó ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta sínú ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹyin náà á pa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ á sì di àgbà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i, gbogbo kòkòrò yìí kì í ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, oorun odidi ilé ti dàrú! Ara wa tó ń bá kòkòrò náà, ẹyin rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ jà ló ń di yíyún. Ara kì í sì tètè mọ̀ pé àlejò wọlé. Ẹni tó kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo oṣù kan, kódà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họra.

Rò ó wò. Ọkọ rẹ tó ní "èmi ò ní nǹkan kan o" lè ti ní i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ, tí ara rẹ̀ ń dán, lè ti ní i. Ìwọ nìkan ló kun oògùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, o sì padà sùn sáàárín wọn. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò dí ibi tó ti ń jò ni. Oògùn rẹ lè má ní àléébù kankan. Ẹni tí a kò fún ní oògùn ló ń dá kòkòrò padà sí ọ lára.

Má rò pé èrò tèmi lásán nìyí. Ní erékùṣù Fíjì, wọ́n dán an wò ní àwùjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń họra àti àwọn tó sún mọ́ wọn nìkan, kúrúnà dínkù ní nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn ọdún kan. Níbi tí wọ́n ti fún gbogbo èèyàn ní oògùn oníhóró ivermectin, àtẹni tó ń họra àtẹni tí kò họra, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló pòórá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará erékùṣù ni, àwọn tó ń gbé sún mọ́ra bíi tiwa, tí ilé kan ń gba ọmọ ilé kejì sùn. Èmi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tí obìnrin Ogbe-Ijoh tún ń wá.

Ìtìjú gan-an ló le. A ti gbà pé ọ̀bùn ló ń ní kúrúnà, nítorí náà a ń fi í pamọ́, a sì ń fi pípamọ́ tọ́jú rẹ̀ kí ó lè pọ̀ sí i. Irọ́ ni. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lè ní i, nítorí omi àti ọṣẹ kì í dé inú ihò tí kòkòrò náà wà. Ara kíkan ara fún ìgbà pípẹ́ ló ń ràn án: ọmọ pípọ̀n, oorun àsùnpọ̀, ọwọ́ dídìmú, àti ìbálòpọ̀. Bíbọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjà kì í sábà ràn án. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí nínú yàrá kan ló ti ń rí ọjà tà, yálà ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n, tàbí ibùdó tí àwọn èèyàn sá sí nígbà omíyalé Delta ní 2022. Ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ ló ń ní i lágbàáyé nígbàkúùgbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi í kún àwọn àrùn tí a pa tì láti 2017. Ṣé gbogbo wọn ni ọ̀bùn?

Ti ọkọ wá ńkọ́? Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Bó bá rí kókó kéékèèké ní ojú ara rẹ̀, yóò béèrè ibi tí o ti lọ, tàbí kí ìwọ náà máa rò pé ibi tó ti lọ ló ti gbé e wá. Òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ lè ràn án, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e wá láti ilé ìwé tó sùn sáàárín yín lè ràn án bákan náà, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹ̀rí àgbèrè. Dúró dìgbà tó bá ti jẹun tán, tí ara ti tù ú. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìwọ lo kó o wá." Sọ pé, "Bàbá wọn, ara ń yún àwọn ọmọ, wọ́n ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ kun oògùn lálẹ́ ọjọ́ kan náà." Fi àwọn ọmọ ṣáájú. Ọkùnrin tí kò ní fẹ́ kun oògùn torí tìrẹ á kùn ún torí ọmọ rẹ̀.

Ó yẹ kí á yin àwọn obìnrin díẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí dókítà ará Ítálì kan, Bonomo, kọ̀wé nípa kòkòrò yìí ní 1687 lẹ́yìn tó fi awò amúǹkantóbi wò ó, ohun tó tọ́ka sí ni pé òun ti rí àwọn ìyá tálákà tó ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ ọ́ lára ọmọ wọn. Àwọn ìyá ti mọ̀ kí dókítà tó mọ̀.

Ó yá, ká sọ ti oògùn ilé. Èmi kì í bú u. Mo kàn ń yan èyí tí mo máa fi ra ara ọmọ mi.

Imí ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà á, àwọn ìyá wa sì ti ń fi òrí tàbí àdín po ó tipẹ́. Àwọn dókítà náà ń lò ó títí di òní, ní ìwọ̀n 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì sábà máa ń yàn án fún aláboyún àti ọmọ ọwọ́ nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n lára. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, yóò jó awọ, nítorí náà ó sàn kí apòògùn wọ̀n ọ́n pò fún ọ. Kùn ún ní òru mẹ́ta tẹ̀léra, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń rùn, ó sì ń ba aṣọ jẹ́. Àkísà ìró ni kí o fi sùn.

Dóńgóyárò tẹ̀lé e. Ní Íńdíà, wọ́n lọ ewé rẹ̀ àti atalẹ̀ pupa pọ̀, wọ́n fi ra ara èèyàn 814, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1992. Kìkì pé wọn kò fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó, nítorí náà mo gbà á ní alátìlẹ́yìn, n kò gbà á ní olórí. Rà á mọ́ ara nìkan. Òróró dóńgóyárò kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ ọwọ́ láé. Ó ti ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ rí. Àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ náà dán òróró ewé Lippia multiflora wò lórí kúrúnà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n fà jáde nínú ewé tí wọ́n sì wọ̀n ni, kì í ṣe ewé tí a kàn fọwọ́ rún sínú korobá.

Asúnwọ̀n òyìnbó tí gbogbo èèyàn ń rún? Làpálàpá ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí kúrúnà lo ní, o ń fi ọjọ́ ṣòfò. Omi gbígbóná oníyọ̀ á tù ọ́ fún wákàtí kan, á wá gbẹ awọ rẹ, yíyún á sì pọ̀ sí i. Kàn-ín-kàn-ín líle tí o fi ń bó ara ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn mìíràn ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, èékánná gígé sísàlẹ̀, àti àdín àgbọn lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ̀nyí ń tuni lára ní tòótọ́, wọn kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Ibi tí mo ti máa gbóhùn sókè rèé. Àwọn kan níbí ń fi kẹrosíìnì, dísù, àní epo tí wọ́n sè nínú igbó, ra ara ọmọ. Epo ń bó awọ, iná àbẹ́là kan sì ti tó láti sọ ọmọ náà di òkú. Jik tí a fi ń fọ aṣọ funfun kì í ṣe oògùn. Ọ̀tapíàpíà àti Sniper tí a fi ń pa kòkòrò, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gba awọ wọ̀ lọ. Májèlé ni, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì fòfin de títa ìgò Sniper kéékèèké ní 2019. Kíríìmù "mẹ́ta nínú ọ̀kan" tí o ń rà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní stẹ́rọ́ìdì nínú. Yíyún á dákẹ́, pupa á lọ, kòkòrò á máa bí sí i lábẹ́lẹ̀. Òun ló jẹ́ kí kúrúnà ọ̀pọ̀ obìnrin yí ojú padà tí ẹni tó ń wò ó kò fi mọ ohun tó jẹ́ mọ́.

Bí agbára rẹ bá ká a, lọ bá apòògùn fún benzyl benzoate tàbí permethrin. Benzyl benzoate ni kò wọ́n jù: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àgbà. Ó ń ta ni gan-an lójú egbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi là á fún ọmọdé. Jẹ́ kí apòògùn sọ iye omi tí o máa fi là á. Permethrin oníìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wẹ̀, jẹ́ kí ara gbẹ, kùn ún láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, má fo ìdodo, má fo àárín ìdí, má fo abẹ́ èékánná. Bí o bá fọ abọ́, tún un kùn sí ọwọ́. Ti ọmọ ọwọ́ máa ń dé orí. Ivermectin oníhóró kì í ṣe fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì wọ̀n tó kílò 15. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, gbogbo ilé ní alẹ́ kan náà, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí àwọn ẹyin tó bá yè.

Aṣọ ńkọ́? Àwọn ìwé á ní kí o sá a sí oòrùn. Warri kì í ṣe Kano. Bí òjò oṣù Keje bá dé, aṣọ lè wà lórí okùn kí ó má gbẹ. Dúró lórí ohun tó dájú: bí kòkòrò náà bá kúrò lára èèyàn, kì í sábà yè ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Omi tó gbóná dáadáa á pa á. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, di í sínú ọ̀rá, so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Má fín oògùn ẹ̀fọn sí bẹ́ẹ̀dì, kò wúlò. Kí o sì yé bú òkìrìkà: aṣọ tó lo oṣù nínú bélì lórí òkun kò lè gbé kòkòrò kúrúnà alààyè kankan wá fún ọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ara lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí i. Òkú kòkòrò ṣì wà nínú awọ ni. Má torí ẹ̀ máa kun oògùn lójoojúmọ́. Bó bá ju oṣù kan lọ, tàbí tí kókó tuntun ń yọ, jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ohun kan wà tí kò gba sùúrù. Bí egbò bá ń ṣọyún, bí ibà bá bá a dé, tàbí bí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, kòkòrò àrùn tó gba ojú kúrúnà wọlé lè ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nítòsí rẹ tàbí Central Hospital ní Warri. Má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà.