Ọmọ Tó Fẹ́ Wa Ọkọ̀ Òfuurufú: Báwo La Ṣe Lè Ṣètò Owó Rẹ̀?

 

Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín ni ẹ̀kọ́ tòní ti wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí kíláàsì fẹ́ẹ́ tú, ìyá kan tí ń ta aṣọ lọ́jà na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi obìnrin ní bàálù lòun fẹ́ máa wà. Àwọn ènìyàn ní kí n ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa, kí n fi rán an níwèé. Ṣé kí n tà á?"

Àwọn kan nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ nìyí.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Nígbà tí a ṣì wà nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àgbẹ̀ kan mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. A ti kọ́ ọmọ náà nígbà tó wà ní kékeré. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Ó ti jáde girama, ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ti gbà á láti kọ́ iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfuurufú. Inú wa dùn. A kọ lẹ́tà ìyìn fún un. Ṣùgbọ́n a kò béèrè pé, "Èló ni gbogbo rẹ̀ títí dé òpin?"

Bàbá náà ta oko kòkó rẹ̀. Kò mọ̀wé, nítorí náà ó tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn. Owó oko náà gbé ọmọ dé ìdajì ọ̀nà, ó sì tán. Owó tí bàbá rò pé ó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀kọ́, ti ìpele kìíní péré ni. Ó wà nínú ìwé àdéhùn náà kedere. Ẹni tí yóò kà á fún un ni kò sí.

Ọmọ padà wálé. Takisí ló ń wà báyìí. Takisí wíwà kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n oko ti lọ, ìwé àṣẹ kò sì tẹ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Nítorí náà la ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Kò sí ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà ni ọ̀nà tí owó kò fi ní ṣòfò. Ẹ ná owó kékeré ṣáájú owó ńlá. Ẹ má sì fọwọ́ kan owó ńlá títí ẹ ó fi mọ iye tí yóò parí iṣẹ́ náà.

ÀTẸ̀GÙN MÁRÙN-ÚN

Kí a tó ṣírò owó, ó yẹ kí a mọ àtẹ̀gùn tí ọmọ yóò gùn. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ orí àti iye wákàtí tó kéré jù. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba tí à ń pè ní NCAA ló ń fún awakọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Àtẹ̀gùn kìíní ni ìwé àṣẹ awakọ̀ àdáni. Ọmọ gbọdọ̀ ti pé ọdún 17, kí ó sì ti fò tó wákàtí 40. Ó lè fi ìwé yìí wa ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbowó lórí rẹ̀.

Àtẹ̀gùn kejì ni ìwé àṣẹ awakọ̀ oníṣẹ́. Ọmọ gbọdọ̀ ti pé ọdún 18. Wákàtí 200 ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́ ọ láìdáwọ́dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, wákàtí 150 lè tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àtẹ̀gùn kẹta ni àṣẹ láti fi àwọn aago inú ọkọ̀ nìkan wà á nígbà tí ìkùukùu bo ojú, àti àṣẹ láti wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ẹni tí kò ní ìwọ̀nyí, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń kó èrò tí yóò gbà á.

Àtẹ̀gùn kẹrin ni àṣẹ irú ọkọ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ kékeré wà kò lè ṣàdédé bọ́ sínú Boeing 737. Ó ní láti kọ́ irú ọkọ̀ náà gan-an, kó sì yege. Bí ó bá tún fẹ́ wa ATR 72, yóò kọ́ ìyẹn náà lọ́tọ̀. Owó gọbọi ni. Òbí ẹlòmíràn kì í gbọ́ nípa àtẹ̀gùn yìí títí ọmọ yóò fi gba ìwé àṣẹ oníṣẹ́ wálé, tí yóò sì jókòó láìríṣẹ́.

Àtẹ̀gùn karùn-ún ni ti ọ̀gá awakọ̀. Wákàtí 1,500 ni. Èyí kì í ṣe ẹrù òbí. Ẹnu iṣẹ́ ni ọmọ yóò ti máa kó wákàtí wọ̀nyí jọ, nígbà tó bá jókòó lápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá.

OWÓ KÉKERÉ ṢÁÁJÚ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí.

Ìkíní: Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí. Kì í ṣe dókítà èyíkéyìí. Yóò wo ojú, etí, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ń lo awò ojú kò lè wa bàálù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awò bá mú ojú rẹ̀ ríran tó bó ṣe yẹ, ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé yóò rí ìṣòro. Bí àìlera kan bá wà, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ilẹ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ìwé-ẹ̀rí dókítà yìí kì í sì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan. Awakọ̀ oníṣẹ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ń tún un gbà lọ́dọọdún.

Ìkejì: Ẹ wo èsì ìdánwò girama rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì ni òpó mẹ́ta tó gbé iṣẹ́ yìí ró. Gẹ̀ẹ́sì ni awakọ̀ fi ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Láti ọdún 2008, òfin àgbáyé ní kí awakọ̀ tó ń kọjá láti ilẹ̀ kan sí òmíràn yege ìdánwò èdè, kí ó dé ó kéré tán ipò 4 nínú ipò 6. Bí ọmọ kò bá tíì yege Ìṣirò, ẹ san owó olùkọ́ Ìṣirò. Ó pọ́ọ́kú ju kí ó lọ fìdí rẹmi níbi tí wákàtí kan ti ń jẹ owó ńlá.

Ìkẹta: Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ san owó wákàtí kan ṣoṣo, kí ọmọ bá olùkọ́ gòkè lọ wò. Ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ìyá mi, mi ò ṣe mọ́." Kò burú. Wákàtí kan la sọ nù, kì í ṣe oko.

ẸKỌ́ ÌṢIRÒ

Ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé. Iye tí a fẹ́ lò yìí, ìṣirò ni a fi ń kọ́ yín. Kì í ṣe iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gbà.

Ká ní wákàtí kan jẹ́ ₦200,000, ọmọ yóò sì fò ní wákàtí 150:

₦200,000 lọ́nà 150 = ₦30,000,000.

Ṣé ó parí? Rárá o. Ọ̀pọ̀ epo àti ohun èlò ọkọ̀ òfuurufú, òkè òkun ló ti ń wá. Bí dọ́là bá gbéra, owó wákàtí á gbéra. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, ìyẹn ₦6,000,000. Ó di ₦36,000,000. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sísàlẹ̀, kí ẹ sì wá iye kọ̀ọ̀kan: owó dókítà, owó ìdánwò, ìwé, aṣọ iṣẹ́, gbohùngbohùn etí, ilé gbígbé, oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀, àti àṣẹ irú ọkọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wò ó. Ká ní owó tán láàárín ọ̀nà, ọmọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ. Ọwọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ ń gbàgbé iṣẹ́. Bí ó bá padà, olùkọ́ lè ní kí ó tún wákàtí 10 fò kí ó tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wákàtí 10 lọ́nà ₦200,000 jẹ́ ₦2,000,000. Owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àǹfààní wákàtí 150 náà sì wà fún ẹni tó kọ́ ọ láìdáwọ́dúró. Nítorí náà, bí owó ọwọ́ yín bá gbé e dé ìdajì péré, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọdún méjì tí a fi dúró sàn ju oko tó lọ láìní ìwé àṣẹ.

Ẹ MÁ TẸ̀KA, Ẹ KÀ Á

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Zaria. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Ìlọrin. Àwọn aládàáni náà wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ju ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ, kí wọ́n fi iye owó ránṣẹ́ lórí ìwé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè:

1. Wákàtí mélòó ló wà nínú owó yìí, àtẹ̀gùn wo ló sì gbé ọmọ dé?
2. Bí epo bá wọ́n sí i, ta ni yóò san àlékún?
3. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ọmọ ń jókòó, ta ni yóò bọ́ ọ?
4. Ṣé a lè san án ní ìpele-ìpele?
5. Bí ọmọ bá kúrò, èló ni ẹ ó dá padà?
6. Ṣé ìwé àṣẹ tí NCAA fún ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ gba rìsíìtì fún owó gbogbo. Ẹni tó bá ní "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Ìyá, ẹ ṣáà buwọ́ lù ú," ẹ dìde níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ a máa ran ọmọ lọ́wọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá san owó, ó lè ní kí ọmọ fi ọdún mélòó kan sin òun. Ẹ ka iye ọdún náà. Ọmọ sì tún lè kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ títún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, kí ó máa gba owó oṣù, kí ó sì máa fi pamọ́ fún wíwà. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ oníṣẹ́ lè kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ awakọ̀ kún un. Wákàtí tó fi ń kọ́ ẹlòmíràn ń kún tirẹ̀, owó sì ń wọlé.

OBÌNRIN MÉJÌ

Àwọn tó rẹ́rìn-ín nítorí pé ọmọ ìyá aláṣọ jẹ́ obìnrin, ẹ gbọ́ ná. Arábìnrin Chinyere Kalu ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ oníṣẹ́. Zaria yìí ló ti kọ́ ọ. Ní ọdún 2011, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Èkejì ni Bessie Coleman, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní Texas ní 1892. Ní Chicago, ó ń tún èékánná àwọn ènìyàn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́, nítorí ó jẹ́ dúdú, ó sì jẹ́ obìnrin. Kí ló ṣe? Ó fi owó pamọ́. Ó kọ́ èdè Faransé, nígbà tó ti dàgbà bíi tiyín. Àwọn kan ràn án lọ́wọ́, lára wọn ni Robert Abbott tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1920, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, 1921. Ẹ wo bó ṣe tò ó: owó, èdè, lẹ́yìn náà òfuurufú.

ÌDÁHÙN TÍ A FÚN ÌYÁ ALÁṢỌ

A ní, "Ẹ má tà á, Ìyá. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà." Ó mú un lọ, dókítà ní ara rẹ̀ pé. Físíìsì ni kò tíì yege, ó sì ti padà sídìí rẹ̀. Ìyá ti kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Àṣìṣe mẹ́rin péré la rí níbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó gbé e wá sí kíláàsì, ó dìde, ó sì kà á sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Bóyá yóò tà á lọ́jọ́ kan, a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á, yóò mọ ibi tí owó rẹ̀ yóò gbé ọmọ dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àṣìṣe bàbá àgbẹ̀? Kí ni àṣìṣe àwa?
2. Àtẹ̀gùn wo ni òbí máa ń gbàgbé?
3. Bí wákàtí kan bá jẹ́ ₦250,000, èló ni wákàtí 150?
4. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ fi béèrè iye owó rẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì tó ń bọ̀.